Obìnrin Tí A Kì Í Kí

Ọyẹ́ ọjọ́ náà nípọn débi pé igi apá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kò ní orí mọ́. Ìdí rẹ̀ nìkan ni ojú lè rí, ìyókù ti wọ inú funfun lọ. Nínú funfun yẹn ni Kàsúmù ti kọ́kọ́ rí i. Obìnrin kan ló dúró lórí ìpìlẹ̀ ilé tí kò ní ògiri, ó ró aṣọ aró, ó ń gbálẹ̀. Ó ń gbá a láti igun kan dé ìkejì, ó sì ń dúró níbi tí ìpìlẹ̀ parí sí, bí ẹni pé ògiri ṣì wà níbẹ̀ tí ìgbálẹ̀ kò lè kọjá. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kí ẹnu ọ̀nà wà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó dá ẹnu ọ̀nà tí kò sí níbẹ̀ kọjá, ó wá da ìdọ̀tí sí ìta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Kàsúmù wí.

Ìgbálẹ̀ náà dúró. Obìnrin náà yíjú sí Kàsúmù. Ojú náà rẹwà, ó sì ní ìyàlẹ́nu nínú, bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tó ti pẹ́.

Gaston, dẹ́lẹ́gè tí ìjọba fi ṣe olórí abúlé náà, ń lọ níwájú, ó gbé àpótí Kàsúmù, olùkọ́ tuntun, lé orí. Kò bojú wẹ̀yìn. "Ta lẹ ń kí, Mẹ́tìrì?"

"Arábìnrin tó ń gbálẹ̀ yẹn."

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Kámáràdì, ẹ wo ibí yìí, ẹ wò—"

"Mo ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀." Ohùn Gaston kò le. Ńṣe ló dà bí ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Kàsúmù tún bojú wẹ̀yìn. Ọyẹ́ ti padé. Kò rí nǹkan kan mọ́, àfi ìró ìgbálẹ̀ tó ń bọ̀ láti inú funfun náà: ṣá, ṣá, ṣá.

Ìdí-Apá ni wọ́n ń pe abúlé náà, ìrìn wákàtí kan sí Okpomèta, lórí ilẹ̀ pupa òkè Kétu níbi tí omi ti jìnnà sínú ilẹ̀ débi pé bí èèyàn bá ju òkò sí kànga, ó lè kí ẹnì kan tán kó tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ọdún karùn-ún nìyẹn tí ìjọba ti kéde pé ọ̀nà Máàsì àti Lẹ́nìn ni orílẹ̀-èdè yóò máa tọ̀. Bí ẹnì kan bá kígbe "Ehuzu!" lójú ọ̀nà, pé ayé ti yí padà, gbogbo ẹnu á dáhùn "Dandan!" Ilé ẹ̀kọ́ ń hù káàkiri bí olú, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò tó. Ẹni tó bá ti ní ìwé ẹ̀rí díẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á gbà á.

Ìwé ẹ̀rí tí Kàsúmù ní ju díẹ̀ lọ. Ọmọ oníṣòwò Àjàṣẹ́ ni, Mùsùlùmí, ẹni ọgbọ̀n ọdún, kò sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí. Àwòrán ilé ló ń yà fún ilé iṣẹ́ kan láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Bó bá fa ìlà, ìlà náà á tọ́ bí okùn tí wọ́n nà le. Àwọn ọ̀gá máa ń pe àlejò wá síbi tábìlì rẹ̀ kí wọ́n wá wo ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kan ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ń ya àwòrán ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tí àwọn ará abúlé yóò fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní irin kò tó, simẹ́ńtì kò tó, kó yọ àwọn òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò.

"Ọ̀gá, ògiri yẹn gùn."

"Yọ wọ́n."

Kàsúmù mú abẹ, ó fi ha yíǹkì kúrò lójú bébà díẹ̀díẹ̀, títí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pòórá bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò ronú kàn wọ́n rí. Kò gbà á ju ìdajì wákàtí lọ. Nígbà tó yá, lẹ́tà kan dé láti Ìdí-Apá, dẹ́lẹ́gè ló kọ ọ́: ìjì ti wó ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ọmọ wà lóko ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó fara pa. Ẹnì kan ló kú, ọmọbìnrin tó máa ń se oúnjẹ tà fún wọn, Àbẹ̀bí ọmọ Babalọlá. Wọ́n di ẹ̀bi ru ìjì. Kò sẹ́ni tó béèrè òpó.

Láti ọjọ́ náà, ìlà Kàsúmù kò tọ́ mọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dé igun ilé, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fara dà á fún ọdún kan, ó fara dà á wọ ọdún kejì, lẹ́yìn náà ló kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì bẹ àwọn tó ń gba olùkọ́ pé Ìdí-Apá ni kí wọ́n rán òun lọ. Ẹnu ya wọ́n, nítorí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀bẹ̀ fún ibi tí omi ò sí. Ìyá rẹ̀ sunkún: "O fi àga ọ́fíìsì sílẹ̀, o ń wọ igbó lọ? Kàsúmù, ta ló ṣe ọ́?" Kò lè sọ fún un pé òun fúnra òun ni.

Abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ báyìí, ọmọ mọ́kànlélógójì lórí pákó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára rárá. Kàsúmù ń kígbe Faransé, àwọn ọmọ ń wò ó bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá lọ síbòmíì. Ọjọ́ kejì ló ti pàdánù ohùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó mú ẹfun, ó ya adìyẹ kan sójú pátákó, adìyẹ tó bínú, ìyẹ́ rẹ̀ ta sókè. Ẹ̀rín bẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó mọ̀ pé òun ní nǹkan tí òun lè fún wọn.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí oníkálukú ya àwọn ará àgbàlá rẹ̀ sójú síléètì. Ó ń lọ láàárín wọn, ó ń yìn wọ́n, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Reine, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Reine ti ya bàbá, ìyá, ewúrẹ́ méjì. Ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn ọgbà wọn, ó ya obìnrin kan tí orí rẹ̀ ṣófo bí ẹyin.

"Èyí kò ní ojú, Reine."

"A kì í wo ojú rẹ̀, Mẹ́tìrì."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Gbogbo kíláàsì sì tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan náà, orí mọ́kànlélógójì, láìsí ẹni tó sọ fún wọn. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, láti ìhà ibi tí ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ wà, ìró kan ń bọ̀: ṣá, ṣá, ṣá. Kàsúmù nìkan ló yíjú.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ làwọn ará Ìdí-Apá ń lọ sí kànga. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí òjìji èèyàn bá ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń débẹ̀. Kàsúmù kò mọ̀. Ó gbé korobá rẹ̀, ó lọ. Obìnrin aláṣọ aró náà ló bá níbẹ̀, ó ń fa okùn.

"Ẹ kú ọ̀sán o."

Nígbà tó fọhùn, ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ọjọ́ pípẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí."

"Ẹ̀ẹ̀kejì kí ni?"

"Tí ẹ ń kí mi. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

"Wọ́n ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ." Ó na okùn sí i. "Ẹ bá mi fà á. Bí kò bá sẹ́nì kankan lóòótọ́, ẹ ó mọ̀ nígbà tó bá wúwo."

Kàsúmù rẹ́rìn-ín, ó gba okùn. "Kí ni wọ́n ń pè yín?"

"Wọn kì í pè mí."

"Nígbà tí wọ́n ń pè yín ńkọ́?"

Ó wo ọ̀nà lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. "Àbẹ̀bí," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọmọ Babalọlá."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Kàsúmù. Korobá já lọ sísàlẹ̀, ó pẹ́, ó pẹ́, kó tó ró lórí omi. Orúkọ tó kà nínú lẹ́tà nìyẹn. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ nípa àkúdàáyà, òkú tó ń lọ gbé ìlú mìíràn, tó ń ṣòwò, tó ń lọ́kọ, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi kàn án lójú ọjà. Ṣùgbọ́n àkúdàáyà máa ń sá fún ìlú rẹ̀ ni. Ta ló gbọ́ pé òkú jókòó sílé bàbá rẹ̀?

"Ẹ sá," ni Àbẹ̀bí wí. "Mi ò ní bínú. Kò tíì sẹ́ni tó dé ibi tí ẹ dé yìí."

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ìgboyà ló dá Kàsúmù dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ̀. Bó ṣe dúró bẹ́ẹ̀, ó rí igbá omi nílẹ̀, ó gbé e, ó na án sí i. "Ẹ mu."

Ó gbà á, ìka wọn kanra. Ìka náà gbóná. Ó mu ún, omi ń ṣàn lọ sí àyà rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó húkọ́ títí omijé fi jáde lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì gbà á.

"Òkú kì í húkọ́, àbí, Mẹ́tìrì?"

"Mi ò tíì gbọ́ ọ rí," ni Kàsúmù wí. Òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, kò pọn omi nígbà mìíràn mọ́ àfi ní ọ̀sán gangan. Díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́ ìtàn náà. Ọmọ mẹ́ta ni Babalọlá ti sin kó tó bí Àbẹ̀bí. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ lábẹ́ ògiri, kò mí, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ sí inú àgbàlá, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló sín. Àwọn èèyàn kígbe ayọ̀, ṣùgbọ́n Babalọlá ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní ikú ti dé, ó ti rí ihò. Bó bá bá ihò náà ní òfìfo, á padà wá. Ló bá gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó fi aṣọ ọmọ rẹ̀ wé e, ó sin ín. Ó ní kí Gaston kọ̀wé pé ọmọ ti kú. Ó sì kúnlẹ̀ bẹ gbogbo abúlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀ mọ́, kí wọ́n má kí i, kí wọ́n má wo ojú rẹ̀, kí ikú má baà gbọ́ pé ó ṣì wà. Láàárín ọdún méjì yẹn ni ìyá rẹ̀ kú. Kò sẹ́ni tó bá a kẹ́dùn.

"Wọn ò kórìíra mi," ni Àbẹ̀bí wí. "Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìyẹn ló burú jù. Ta ni mo fẹ́ bá jà?"

"Kí ló dé tí ẹ ń gbá ibẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni mo kú sí. Ṣé kí n jẹ́ kó dọ̀tí ni?"

Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá jókòó létí kànga, ará abúlé kan á ṣèèṣì gba ibẹ̀ kọjá. Á dúró, á tẹ́jú mọ́ Kàsúmù nìkan, á ní, "Ẹ kú ìdánìkanwà o, Mẹ́tìrì." Àbẹ̀bí á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká kan èjìká. Bí onítọ̀hún bá lọ, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òtútù máa ń mú Kàsúmù láyà nínú oòrùn yẹn.

Àbẹ̀bí ló sọ ọ́ di olùkọ́. Ó mọ gbogbo àwọn ọmọ náà, ó ti bọ́ wọn rí. "Ẹ yéé kígbe Faransé mọ́ wọn láàárọ̀," ló sọ fún un. "Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wọn fi àgbàdo ka iye kí ẹnu wọn tó kà á. Lábọ̀dé tó ń sùn, kì í ṣe ọ̀lẹ, ebi ló ń pa á. Reine alọ́wọ́ òsì yẹn, ẹ má nà án o, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀wé." Kàsúmù ṣe gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa lọ, Reine ti ń ka ìwé sókè, Lábọ̀dé ti ń jí. Gaston dúró lẹ́bàá àtíbàbà, ó ní, "Mẹ́tìrì, níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí?" Kàsúmù ní, "Létí kànga." Gaston yíjú kúrò kíákíá.

Ọjọ́ kan, Àbẹ̀bí ń wo bó ṣe ń fa okùn. "Ọwọ́ yín ti le. Nígbà tí ẹ dé, ó rọ̀ bí ọwọ́ ìyàwó tuntun."

"Ìyàwó tuntun ni mò ń wá."

"Ẹni tó bá fẹ́ òkú, ta ló máa sebẹ̀ fún un?"

"Òkú tí ẹnu rẹ̀ mú tó báyìí, ọbẹ̀ rẹ̀ á lata."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nu òógùn ojú Kàsúmù. Kàsúmù di ọwọ́ náà mú. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wúwo bí korobá, nítorí ó mọ̀ pé òun kò lè fi irọ́ mọ ilé kejì.

"Àbẹ̀bí, mo fẹ́ fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ eléyìí kí o tó dá mi lóhùn." Ó sọ ọ́ fún un: tábìlì, abẹ, òpó mẹ́rin, ìdajì wákàtí.

Àbẹ̀bí gbọ́ ọ dé òpin. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó dìde, ó da omi inú ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀, omi tó ti fi ìdajì ọ̀sán fà. Ilẹ̀ pupa mu ún ní ìṣẹ́jú kan. Ó gbé ìkòkò òfìfo rù, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò wá sí kànga. Ìró ìgbálẹ̀ pàápàá dákẹ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ló dẹ́rù ba Kàsúmù jù. Ní ọjọ́ kẹta, ó kí ìyá àgbà Léontine tó ń ta iyọ̀, ìyá náà kọjá lára rẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé àtíbàbà. Àwọn ọmọ ń bọ̀, wọ́n ń dáhùn bó ṣe ń pe orúkọ wọn, ṣùgbọ́n pátákó ni wọ́n ń wò, kì í ṣe òun. Ẹni tó bá ń bá òkú sọ̀rọ̀, òkú ni. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti dúró sínú oòrùn, tó ń wo ilẹ̀ bóyá òun ṣì ní òjìji.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ jẹun ọ̀sán, ọkùnrin gíga kan wọ abẹ́ àtíbàbà. Ó ti gbẹ, ìka rẹ̀ tóbi, simẹ́ńtì ti jẹ ẹ́ lára. Kàsúmù dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un ẹni tó jẹ́.

Babalọlá jókòó lórí pákó àwọn ọmọdé. "Mẹ́tìrì, ẹ ń pe orúkọ kan létí kànga. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, ọ̀kan ló kù. Ẹ fẹ́ kí ikú gbọ́?"

"Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni."

"Ẹni tó ti kú kì í lọ́kọ."

"Bàbá, ikú kọ́ ló wó ògiri yẹn. Èmi ni." Bó ṣe wà ní ìdọ̀bálẹ̀, ó tún sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ kan erùpẹ̀. Nígbà tó parí, ó dúró de ohunkóhun tó bá fẹ́ bọ́ lé òun lẹ́yìn.

Nǹkan kan kò bọ́ lé e. Ó gbọ́ tí àgbàlagbà náà ń mí.

"Òpó mẹ́rin?"

"Òpó mẹ́rin, Bàbá."

"Mo mọ̀." Ohùn Babalọlá ti yí padà. "Mo mọ̀ pé ó yẹ kí òpó wà níbẹ̀. Èmi ni olórí àwọn tó mọ ògiri yẹn. Mo wo ìwé tí wọ́n kó wá láti Àjàṣẹ́, mo ní ìwé yìí kò pé. Mo tún ní, àwọn tó kàwé mọ̀ jù mí lọ. Mo bá ń to bíríkì." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé sí i lára. "Ọdún méjì ni mo ti ń sọ pé ikú ni, kí n má baà sọ pé ọwọ́ mi ni."

Ó dìde. Nígbà tó dé etí àtíbàbà, ó ní, "Ọ̀la kò sí ilé ẹ̀kọ́. Wá sí àgbàlá mi láàárọ̀."

Nígbà tí Kàsúmù débẹ̀, èrò ti tò sí ẹ̀yìn ọgbà. Láàárín àgbàlá, Àbẹ̀bí dúró lórí òkìtì erùpẹ̀ tó jẹ́ sàréè tirẹ̀. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gbẹ́ ẹ dé orókún. Babalọlá jókòó ní ìdí ògiri, ó ń wo ilẹ̀.

"Bí ó bá jẹ́ èmi ni ikú ń wá," ni Àbẹ̀bí wí, "kí n bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi."

Kàsúmù sún mọ́ ọn. "Àbẹ̀bí."

"Mo bínú," ló dá a lóhùn, kò gbójú sókè. "Mo ṣì ń bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Gbogbo àwọn tó mọ̀ nípa ògiri yẹn ní Àjàṣẹ́, ìwọ nìkan lo wá." Ó na ọkọ́ sí i. "Gbà. Ọwọ́ mi ti bó."

Kàsúmù gbẹ́ ẹ. Ó dé ìbàdí. Àwọn adìyẹ àgbàlá ti dákẹ́. Kò sí ẹyẹ kan tó ń ké lórí igi. Bó ṣe tún ju ọkọ́, ó kan nǹkan rírọ̀. Ó fi ọwọ́ wa erùpẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá dúró bí ère.

Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò ku fọ́nrán rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìyẹn kì í ṣe ohun ìyanu, ikán lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ náà wà níbẹ̀, aṣọ àǹkárá tó ní ẹja aláwọ̀ ìyeyè. Wọ́n ká a sí mẹ́rin, etí kan etí, bí obìnrin ṣe ń ká aṣọ kó tó kó o sápótí. Erùpẹ̀ kankan kò sí nínú ìṣẹ́po rẹ̀. Ikán kò fẹnu kàn án.

"Èmi ni mo fi wé e," ni Babalọlá wí. Ó ti dìde láìmọ̀. "Mo fi okùn dì í ní ibi mẹ́ta. Ta ló tú u?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Títí dòní, ní Ìdí-Apá, kò sẹ́ni tó tíì dáhùn.

Babalọlá wọ inú ihò náà lọ, ó gbé aṣọ náà sókè, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e lé ọwọ́ Kàsúmù. "Ikú ti gba tirẹ̀ lọ," ló wí. "Ó ti dá tiwa padà. Ẹ dí ihò yìí." Kò wo ojú ọmọ rẹ̀, ọdún méjì kì í tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé, "Mẹ́tìrì, kọ̀wé sí ìyá rẹ."

Ìyá Kàsúmù kò tíì dáhùn nígbà tí lẹ́tà mìíràn dé láti Àjàṣẹ́. Ilé iṣẹ́ àtijọ́ ní àga rẹ̀ ṣófo, kó padà wá, wọn á fi kún owó rẹ̀.

"Ṣé wàá lọ?" ni Àbẹ̀bí bi í. Wọ́n jókòó létí kànga, ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn obìnrin mìíràn wà níbẹ̀, ojú ṣì ń tì wọ́n láti bá Àbẹ̀bí sọ̀rọ̀.

"Reine ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín nọ́ńbà. Bí mo bá lọ báyìí, ta ló máa sọ ìyókù fún un?"

"Nítorí Reine nìkan?"

"Nítorí Reine nìkan ni. Ìwọ, màá gbé ọ sínú àpótí."

Àbẹ̀bí bu omi, ó dà á lé e lórí. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé láti yíjú kúrò.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ fún òjò ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Gaston ti lọ sí ọ́fíìsì ní Kétu láti sọ pé ọmọ Babalọlá wà láàyè. Akọ̀wé bi í pé láti ìgbà wo. Gaston ní, "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i." Ìyá Kàsúmù dé láti Àjàṣẹ́, ó wo ẹsẹ̀ ìyàwó pẹ́ títí bóyá ó kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí tóbi, ó máa dúró," ló bá gbá a mọ́ra. Alùfáà gbàdúrà, gbogbo ẹnu ṣe àmín.

Àmín kò tíì tán lẹ́nu nígbà tí ìyá àgbà Léontine jáde síwájú. Ó dúró níwájú Àbẹ̀bí, ó wò ó lójú gan-an, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. "Àbẹ̀bí," ló wí, "o kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ ṣé o, Ìyá."

"O kú ọ̀fọ̀ ìyá rẹ."

"Ẹ ṣé o, Ìyá. Ẹ kò ní fi irú rẹ̀ gbà á."

Ẹlòmíràn wá, ẹlòmíràn tún wá. Wọ́n tò láti àgbàlá dé ìdí igi apá, tọmọdé tàgbà. Wọ́n kí i kú òjò èṣí, wọ́n kí i kú ìkórè tí wọn kò kí i, wọ́n kí i kú ọyẹ́ ọdún méjì, kú ewu, kú àtijọ́. Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ohùn rẹ̀ fi há. Oúnjẹ tutù. Kàsúmù jókòó lórí ẹní pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó lọ́rùn, ó ń dúró de aya rẹ̀, kò sì kánjú. Oòrùn wọ̀ sẹ́yìn oko.

Ẹni ìkẹyìn ni Babalọlá. Ó ti dúró sẹ́yìn gbogbo wọn láti ọ̀sán. Ó wá síwájú, ó gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn adìyẹ ti wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni:

"Àbẹ̀bí, ṣé o jí?"

Àbẹ̀bí kúnlẹ̀. "Mo jí, Bàbá mi. Mo jí ire."